Wáyà Dúdú Kọ́ Ni Ẹ́ẹ̀tì: Bí A Ṣe Ń So Áńpílífáyà Mọ́ Rédíò Tó Bá Ọkọ̀ Wá

Ọ̀rọ̀ ohùn inú mọ́tò la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ ra Corolla tòkunbọ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa, AC ń mú, ṣùgbọ́n rédíò tó bá a wá kò fi bẹ́ẹ̀ lóhùn. Tẹ́ ẹ bá yí i sókè díẹ̀ kí ìlù lè dún dáadáa, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ẹ kò sì fẹ́ yọ rédíò náà dànù, torí pé ó bá dáṣíbọ́ọ̀dù mu, àwọn olè kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣojúkòkòrò sí i. Ohun tó kù ni kẹ́ ẹ ra áńpílífáyà, kẹ́ ẹ gbé e sí bùútù, kẹ́ ẹ so ó mọ́ rédíò náà. Ọ̀pọ̀ rewáyà á sọ fún yín pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Lóòótọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láàárín wákàtí kan yẹn, ibi méjì ló wà tí nǹkan ti lè bàjẹ́: ọ̀kan lè pa rédíò, èkejì lè jó ọkọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú dání bá a ṣe ń lọ: iná kì í jáde nílé kó má padà. Iná tó bá jáde láti orí pósítíìfù bátìrì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sí nẹ́gátíìfù bátìrì kan náà. Bí kò bá rí ọ̀nà àbọ̀, kò ní jáde rárá. Nínú ilé, wáyà méjì ló máa ń lọ sí gílóòbù, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Nínú ọkọ̀, wọ́n dín owó wáyà kù: wọ́n so nẹ́gátíìfù bátìrì mọ́ irin ara ọkọ̀, gbogbo irin náà wá di ọ̀nà àbọ̀. Òun ni àwọn rewáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá mọ ibi tí iná ń gbà padà sílé, èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ti yé e.

Kí ló dé tí ohùn rédíò tó bá ọkọ̀ wá fi kéré? Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é ya ahun. Bátìrì ló fa á. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, alternator máa ń gbé fólítì ọkọ̀ dé nǹkan bíi 14. Rédíò lásán kò lè fún sípíkà ní fólítì tó ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ gbà lọ. Sípíkà ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ sì ní ìdènà óòmù 4, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó. Ìṣirò agbára kò le: ẹ mú fólítì lọ́nà ara rẹ̀, kẹ́ ẹ pín in sí iye óòmù. Tó bá jẹ́ 14.4, 14.4 lọ́nà 14.4 jẹ́ nǹkan bíi 207. Ẹ pín in sí 4, ó di 52.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? “50W x 4” tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára àwọn rédíò ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, irú ìṣirò yìí ló bí i. Òótọ́ ni, kì í sì í ṣe òótọ́. Kí rédíò tó lè mú wáàtì 52 jáde, fólítì gbọ́dọ̀ fò dé òkè pátápátá kó dúró síbẹ̀, kó já wálẹ̀ pátápátá kó tún dúró síbẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe orin mọ́, ariwo ni. Ohùn tó mọ́, tó ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi, ìdajì iye yẹn ló lè ní jù lọ. Tẹ́ ẹ bá tún yọ ohun tó ń ṣòfò nínú rédíò fúnra rẹ̀, wáàtì 15 sí 20 ló máa ń kù fún sípíkà kọ̀ọ̀kan.

Kódà, ọgbọ́n ni wọ́n ta kí wọ́n tó rí 20 yẹn. Ká ní wọ́n so apá kan sípíkà mọ́ ẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wá ń ti apá kejì nìkan, ìdajì fólítì bátìrì ni wọ́n máa rí lò sókè, ìdajì sódò, agbára tó máa jáde kò sì ní ju bíi wáàtì 6 lọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá gbé ẹ̀rọ ìtì kékeré méjì sórí sípíkà kan. Bí ọ̀kan bá ń tì, èkejì ń fà; bí tibí bá ń fà, tọ̀hún á máa tì. Ẹ rántí àwọn ọkùnrin méjì tó ń fi ayùn gígùn la gẹdú, tí ọ̀kan wà lókè tí ọ̀kan wà nísàlẹ̀: kò sí èyí tó fìdí kalẹ̀ nínú wọn, àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Fólítì tí sípíkà ń rí á di ìlọ́po méjì. Agbára á sì di ìlọ́po mẹ́rin, torí pé fólítì lọ́nà ara rẹ̀ la fi ń ṣírò rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí dáa, àmọ́ ó fi pàkúté sílẹ̀. Nínú wáyà méjì tó lọ sí sípíkà, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́ wọ́n ń pe ọ̀kan ní nẹ́gátíìfù, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni, kí gbogbo sípíkà inú ọkọ̀ lè máa tì síbì kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Tí rédíò bá wà ní títàn, kódà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, wáyà kọ̀ọ̀kan ti dúró lórí nǹkan bíi fólítì 6 tàbí 7, ìyẹn ìdajì bátìrì. Sípíkà kò mọ̀ ọ́n lára, torí pé 6 wà lápá ọ̀tún, 6 wà lápá òsì, kò sí ìyàtọ̀ tó máa tì í. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú wáyà “nẹ́gátíìfù” yẹn kan irin ọkọ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti la ọ̀nà àbùjá sílé fún iná. Kò tún gba inú sípíkà kọjá mọ́. Láti inú ẹ̀rọ kékeré inú rédíò, tààrà, ó di ẹ́ẹ̀tì. Àwọn rédíò kan ní ààbò tó máa pa ohùn mọ́ wọn lẹ́nu kí wọ́n má baà jóná. Àwọn mìíràn, éèfín díẹ̀, ó parí.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wáyà dúdú ti wọlé. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ iná ọkọ̀, pupa ni pósítíìfù, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì. Ọmọ iṣẹ́ tó wọṣẹ́ lánàá mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn rédíò ọ̀pọ̀ Toyota, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Dúdú ni pósítíìfù sípíkà ẹ̀yìn lápá òsì, yẹ́lò sì ni èkejì rẹ̀. Pupa ni pósítíìfù sípíkà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, funfun ni èkejì. Ní iwájú, pínkì àti pọ́pù ló wà lápá òsì, àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ àti búlúù ló wà lápá ọ̀tún. Ẹ́ẹ̀tì gan-an ni bíráwùn. Búlúù tó ní ìlà yẹ́lò ni iná tó ń wá láti bátìrì nígbà gbogbo, èyí tó ní àwọ̀ eérú sì ni iná tó ń dé nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá ti yí dé ACC. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó gbé dúdú sí ẹ́ẹ̀tì, tó gbé pupa sí iná. Apá ẹ̀yìn rédíò náà, lọ́tùn-ún lósì, ló ti kó sí wàhálà.

Ẹ má sì gba àwọ̀ tí mo kà yìí bí òfin. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀, ẹ ò mọ ẹni tó ti tú u ní òkè òkun, ẹ ò sì mọ ẹni tó ti tú u ní Ládípọ̀. Ẹ wá tẹ́sítà onínọ́ńbà, olówó pọ́ọ́kú ti tó. Ẹ yí i sí DC 20, ẹ fi ẹnu rẹ̀ dúdú kan irin tó mọ́ lára ọkọ̀, ẹ tan rédíò, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu pupa kan àwọn wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ka 12, iná bátìrì ni. Èyí tó bá ka òdo lè jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó bá dúró sí àárín, bíi 6, ti sípíkà ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tọkọtaya nínú wọn, ẹ pa rédíò, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀, ẹ wọn óòmù láàárín wáyà méjì méjì: èyí tó bá ka 3 tàbí 4, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Ẹ lè mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì ti fólítì 1.5 kan wọn lórí fìrí, níwọ̀n ìgbà tí pọ́lọ́ọ̀gì ṣì wà níta. Tí pépà sípíkà bá yọ síta, wáyà tó wà lórí bátìrì ni pósítíìfù. Tó bá wọlé, ẹ pààrọ̀ wọn.

Ó wá ku bí ohùn ṣe máa dé inú áńpílífáyà. Ihò RCA tó wà lára rẹ̀, ohùn kékeré tí kò ju fólítì mélòó kan lọ ló ń retí. Etí òde ihò náà, ẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń so mọ́ nínú áńpílífáyà. Nítorí náà, ẹni tó bá gé wáyà sípíkà, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu RCA lásán, ti so “nẹ́gátíìfù” rédíò mọ́ ẹ́ẹ̀tì láìmọ̀. Ó ti wọ pàkúté. Àfi kẹ́ ẹ wá áńpílífáyà tó ní ẹnu tí wọ́n kọ “high level” sí. Ẹnu yìí kò bìkítà fún ẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wáyà méjèèjì nìkan ló ń kà, gẹ́gẹ́ bí sípíkà náà ṣe ń ṣe.

Tí èyí tẹ́ ẹ rà kò bá ní i, ẹ ra páálí kékeré tí wọ́n ń pè ní line output converter, kẹ́ ẹ fi sí àárín. Nínú àwọn kan nínú wọn, wáyà méjì ni wọ́n wé mọ́ irin kan náà láìfara kan ara wọn. Ohùn tó ń lọ sókè sódò máa ń sọ irin náà di òòfà tó ń yí padà, òòfà yẹn á sì mú iná jáde nínú wáyà kejì. Fólítì 6 tó dúró gbagidi sójú kan kò lè kọjá, torí pé òòfà tí kò yí padà kì í mú iná kankan jáde. Ohun tí Michael Faraday rí ní London ní 1831 nìyẹn, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yín. Àmọ́ ẹ má ra èyí tó kéré bí ọmọ ayò. Irin tó bá kéré jù, òòfà máa ń kún inú rẹ̀ ní kíá tí ìlù ńlá bá dé, ìlù á sì sọnù síbẹ̀. Ẹ ti wá ra wúfà lásán.

Ẹ tún máa nílò wáyà tín-ínrín kan tó máa sọ fún áńpílífáyà pé kó jí nígbà tí rédíò bá jí. Ọ̀pọ̀ rédíò tó bá ọkọ̀ wá kò ní i. Ẹ lè mú iná ACC, pẹ̀lú fíúùsì kékeré lórí rẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn áńpílífáyà kan kò nílò wáyà yìí rárá: fólítì 6 tá a ní ká ṣọ́ra fún yẹn ni wọ́n ń ṣọ́. Tí wọ́n bá ti rí i lórí wáyà sípíkà, wọ́n á mọ̀ pé rédíò ti tàn, àwọn náà á dìde.

Ẹ jẹ́ ká dé bùútù wàyí. Kí ni áńpílífáyà ní tí rédíò kò ní? Fólítì ni. Nínú rẹ̀, irin roboto kan wà bí òrùka tí wọ́n wé wáyà mọ́. Iná ń tàn ń kú lórí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà rẹ̀ á sì gbé fólítì 14 dé bíi 30 lókè òdo àti 30 nísàlẹ̀ òdo. Pẹ̀lú sípíkà óòmù 4, wáàtì tó lé ní 100 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bátìrì ló máa san gbèsè náà. Tí áńpílífáyà class D bá ń fún wúfà ní wáàtì 500, tó ń fi ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó gbà ṣòfò, wáàtì 625 ló máa gbà. Ẹ pín in sí fólítì 14: ámpíà 45. Ti class AB ń ṣòfò jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ìṣirò yìí kan náà lẹ lè fi mú onírọ́. Wọ́n á kọ “3000W” sára áńpílífáyà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ rí fíúùsì 30 méjì. 60 lọ́nà 14 jẹ́ 840. Ẹ̀rọ tí kò lè gbà ju wáàtì 840 lọ fún ìgbà pípẹ́ láìjẹ́ pé fíúùsì rẹ̀ já, níbo ló ti fẹ́ rí 3,000 fún yín?

Ámpíà 45 kì í ṣe iná eré. Wáyà rédíò kò lè gbé e, nítorí náà wáyà tuntun gbọ́dọ̀ wá láti orí bátìrì dé bùútù. Nọ́ńbà tó bá kéré ló nípọn jù. Wáyà bàbà nọ́ńbà 8 tó gùn tó mítà 5 máa jẹ nǹkan bí ìdajì fólítì lójú ọ̀nà, á sì sọ bíi wáàtì 20 di ooru lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yín. Nọ́ńbà 4 kò jẹ tó ìdá kan nínú márùn-ún fólítì. Bàbà ni mo ní o. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lára, iná kì í sì í gba inú alumíníọ̀mù kọjá tó bó ṣe ń gba inú bàbà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha fọ́nrán kan: tí inú rẹ̀ bá funfun bíi fàdákà, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà.

Ibi tó lè jó ọkọ̀ la dé yìí. Wáyà yẹn máa gba inú irin tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀ kọjá. Ẹnu ihò irin náà mú. Bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ sí gálọ́ọ̀pù lójoojúmọ́, irin á máa ha rọ́bà ara wáyà díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù mẹ́fà, ó lè gba ọdún méjì. Lọ́jọ́ tí bàbà bá fara kan irin, iná ti rí ọ̀nà ilé tí kò gùn ju apá lọ. Bátìrì ọkọ̀ lásán lè tú bíi ámpíà 500 jáde ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Kódà ká ní fólítì rẹ̀ já wálẹ̀ sí 8, 8 lọ́nà 500 jẹ́ wáàtì 4,000, bí áyọ́ọ̀nù mẹ́rin tó ń gbóná pọ̀ lójú kan. Rọ́bà á yọ́, kápẹ́ẹ̀tì á gbiná. Yíyí kọ́kọ́rọ́ pa kò ní ràn án, torí pé orí bátìrì ni wáyà náà ti wá, kò gba ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ kọjá. Fíúùsì tó wà lára áńpílífáyà ní bùútù kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀, nítorí iná náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti yà sílé lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyí tí fíúùsì mìíràn fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì gan-an, kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju íńṣì 18 lọ, tó bá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ ó tún dáa sí i. Ti áńpílífáyà ń ṣọ́ áńpílífáyà. Ti ẹ̀bá bátìrì ń ṣọ́ wáyà. Nítorí náà, bí wáyà bá ṣe nípọn tó lẹ máa fi mú un: fún wáyà bàbà gidi nọ́ńbà 8, èmi kò ní fi ju 50 lọ, fún nọ́ńbà 4, 100. Ti alumíníọ̀mù gbọ́dọ̀ dín sí i. Rewáyà tó bá ní “fíúùsì yẹn ń já jù, ẹ jẹ́ n fi wáyà dí i”, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà roboto sí ẹnu ihò irin náà, kẹ́ ẹ so wáyà mọ́lẹ̀ kó má lè máa jó kiri.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì kúrò ná, òun náà ni kẹ́ ẹ dá padà kẹ́yìn. Tí sípánà bá kan irin ọkọ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń tú nẹ́gátíìfù, irin kan irin ni, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà àbọ̀ ti gé. Ẹ lè wá tú pósítíìfù pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ́ẹ̀tì áńpílífáyà ńkọ́? Ẹ lo wáyà tó nípọn bíi ti àlọ, kó kúrú, kẹ́ ẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin bùútù títí irin á fi dán, nítorí ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá. Tẹ́ ẹ bá so ó mọ́ orí ọ̀dà tàbí mọ́ bóòtù tó ti dógùn-ún, ẹ lè máa gbọ́ ohùn “wíííì” nínú sípíkà, tó ń ga sí i bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ ẹ́ńjìnnì. Alternator nìyẹn. Rédíò ní ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ níwájú, áńpílífáyà ní tirẹ̀ lẹ́yìn, wáyà RCA sì tún so àwọn méjèèjì pọ̀. Tí ọ̀nà ilé tó wà lẹ́yìn kò bá já gaara, díẹ̀ nínú iná náà á máa gba etí wáyà RCA padà, ìgbì alternator á sì bá a wọnú orin. Ẹnu “high level” kì í sábà ní wàhálà yìí, torí ìyàtọ̀ nìkan ló ń kà.

Ó ku gain. Gain kì í ṣe fólúùmù o. Ohun tó ń sọ fún áńpílífáyà ni bí ohùn rédíò ṣe máa kéré tó kí òun tó lo gbogbo agbára òun. Tẹ́ ẹ bá yí i dé òpin, orí ìgbì ohùn á máa gé pẹrẹsẹ bíi ti wáàtì 52 ọ̀hún, ooru á pọ̀ nínú wáyà wúfà, ẹ ó sì máa gbóòórùn rẹ̀. Ẹ yọ wáyà wúfà, ẹ fi fóònù gbé ohùn gbọọrọ 50 hertz sórí rédíò, ẹ yí rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ fi tẹ́sítà sí AC lórí ẹnu tó ń lọ sí wúfà. Tí áńpílífáyà bá jẹ́ wáàtì 100 gidi lórí óòmù 4, ẹ máa gbé gain sókè díẹ̀díẹ̀ títí tẹ́sítà á fi ka 20, kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀. 20 lọ́nà 20, pín in sí 4: 100. Àwọn rédíò kan tó bá ọkọ̀ wá máa ń dín ìlù kù fúnra wọn bí fólúùmù ṣe ń ga, kí sípíkà kékeré má baà ya. Tí ìlù yín bá ń sá bẹ́ ẹ ṣe ń yí i sókè, ẹ má gbé ẹ̀bi ru áńpílífáyà.

Ẹ wá wa ọkọ̀ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú orin. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́néẹ̀tì, kẹ́ ẹ rọra fọwọ́ kan ilé fíúùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí àwọn nǹkan tó yí i ká, ó dáa. Tó bá gbóná jù wọ́n lọ, síkúrúù kan kò mú níbẹ̀. Ẹ tú nẹ́gátíìfù, kẹ́ ẹ tún un dè.